Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Òkè Miwa, òkè tí wọ́n ń bọ ní Jàpáànù

Lẹ́tà yín lórí ojúbọ Ṣíńtò, ìsìn àbáláyé Jàpáànù, pọ̀, ó sì dùn mọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè náà ló forí lé ibì kan ṣoṣo: ojúbọ Omiwa, nídìí Òkè Miwa, ní ìlú Sakurai, ìpínlẹ̀ Nara. Ibẹ̀ ni a ó dúró sí lọ́tẹ̀ yìí. Omiwa wà lára àwọn ojúbọ tó pẹ́ jù lọ ní Jàpáànù. Ìwé Kojiki ti ọdún 712 àti Nihon Shoki ti ọdún 720 ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kámì ni a ó máa pe àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n.

Wọ́n ní ojúbọ Omiwa kò ní ilé fún ẹni tí wọ́n ń bọ. Ilé ńlá tí mo rí nínú àwòrán wá ńkọ́? Kí ni àwọn tó ń tẹríba níbẹ̀ ń kọjú sí? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ilé tí ẹ rí yẹn, ilé àwọn olùjọ́sìn ni. Haiden lorúkọ rẹ̀. Tokugawa Ietsuna, ẹnì kẹrin nínú àwọn olórí ogun ìdílé Tokugawa tó ṣàkóso Jàpáànù, ló tún un kọ́ ní 1664. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ Ṣíńtò, ilé kejì máa ń wà lẹ́yìn haiden. Honden ni wọ́n ń pe ìyẹn. Inú rẹ̀ ni ohun tí kámì ń gbé wà, ó lè jẹ́ dígí idẹ, idà tàbí òkúta. Ó máa ń wà ní dídì, olùjọ́sìn kì í sì í fojú kàn án.

Ní Omiwa, kò sí honden. Ohun tó wà lẹ́yìn haiden ni ẹnubodè onígi mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, èyí ńlá láàárín, kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ilẹ̀kùn sì wà lára ti àárín. Mitsu-torii ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ẹnubodè náà, igbó ló kù, òkè sì ni igbó náà. Òkè yẹn ni àwọn tó ń tẹríba kọjú sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n rò pé òkè náà jẹ́ àga tí kámì jókòó lé, tàbí pé ilé rẹ̀ wà ní ṣónṣó. Òkè Miwa lódindi, igi rẹ̀, òkúta rẹ̀, erùpẹ̀ rẹ̀, ni ìyẹ̀wù tí kámì ń gbé. Ẹsẹ̀ kan péré tí ẹ bá gbé lórí rẹ̀, ẹ ti wọ inú ibi tí ojúbọ mìíràn máa ń tì pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló bí gbogbo òfin tí ẹ ó kà nísàlẹ̀.

Òkè náà kò ga. 467 mítà ni láti ojú òkun. Bí a bá yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ po, ìrìn kìlómítà 16 ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350. Ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sí ẹni tó wá láti àfonífojì Nara tí kò ní dá a mọ̀. Àkójọ òkúta mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní iwakura: Okitsu lókè pátápátá jẹ́ ti Omononushi, Nakatsu láàárín jẹ́ ti Onamuchi, Hetsu nísàlẹ̀ jẹ́ ti Sukunabikona.

Haiden ló bo mitsu-torii ti Omiwa mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ kedere, kó gba ọ̀nà àtijọ́ Yamanobe lọ sí ìhà àríwá, títí dé ojúbọ kékeré Hibara. Níbẹ̀, kò sí honden, kò sí haiden pẹ̀lú. Ẹnubodè mẹ́ta àti òkè nìkan ni. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yéni jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Osaka. Mo fẹ́ gun Òkè Miwa, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹnikẹ́ni kì í gùn ún. Èwo ni òótọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Osaka)

Ti àtijọ́ ni ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Igbó àìwọ̀ ni òkè náà kí sáà Meiji tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gòkè láti júbà. Ẹ kíyè sí i: láti júbà. Ẹni tó ń wá eré ìdárayá, òkè pọ̀ ní Nara tó lè gùn.

Ọkọ̀ ojú irin JR tó ń gba ọ̀nà Man'yo Mahoroba ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ Miwa. Láti ibẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni sí ẹnubodè ojúbọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí haiden Omiwa kí ẹ kí kámì. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Kusuri-michi, ọ̀nà oògùn, lọ sí ojúbọ Sai, ojúbọ kékeré tó wà lábẹ́ Omiwa. Ọ́fíìsì Sai nìkan ni wọ́n ti ń gbàṣẹ ìgòkè.

Níbẹ̀, ẹ ó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, ẹ ó sì san 300 yen. Wọn yóò fún yín ní tasuki, ọ̀já funfun tí ṣaworo wà lára rẹ̀. Ọrùn ni wọ́n ń fi í kọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ bọ́ ọ títí ẹ ó fi padà dé ọ́fíìsì, kí ẹ sì dá a padà. Ọ̀já yìí ló sọ yín di olùjọ́sìn lórí òkè, òun náà sì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù sókè. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí ọ̀pá kan tí bébà funfun so mọ́ lórí. Ẹ tẹríba, ẹ gbé e, ẹ fì í sí òsì, sí ọ̀tún, padà sí òsì, láti wẹ ara yín mọ́.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń pa á tì, gbogbo èèyàn sì gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́ta. Kìlómítà mẹ́rin ni àlọ àtàbọ̀, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago méjìlá, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Bí òjò ńlá tàbí ìjì bá wà, wọ́n á ti ọ̀nà náà. Wọ́n tún máa ń tì í lọ́jọ́ ọdún ńlá, bí ọjọ́ kìíní ọdún tuntun àti ọjọ́ 18 oṣù kẹrin tí ojúbọ Sai ń ṣọdún tirẹ̀. Ẹ fóònù sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí wọ́n máa ń yí àsìkò padà.

Òfin tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi í ṣeré. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹun lórí òkè. Omi nìkan ni ẹ lè mu. Ẹ kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, fóònù yín gbọ́dọ̀ wà nínú àpò láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ kò gbọdọ̀ mu sìgá tàbí tan àbẹ́là. Ẹ kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò, ìbáà ṣe ewé kan tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Ta ni yóò wọ ìyẹ̀wù onílé lọ jẹ oúnjẹ tirẹ̀, tí yóò sì ti inú rẹ̀ kó ẹrù jáde?

Ohun tó ń da àwọn tó lọ láàmú jù ni ilẹ̀ náà. Gbòǹgbò igi ti yọ síta lójú ọ̀nà, àtẹ̀gùn onígi máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, ọ̀nà sì ga sókè ju bí 467 mítà ṣe ń dún létí lọ. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún torí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n a ò gba ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ. Ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó dé, torí ebi ló ń mú kí èèyàn jókòó sójú ọ̀nà, àsìkò á sì máa lọ.

Ẹ má retí pé ẹ ó rí ìlú láti òkè. Igi bo ṣónṣó náà. Àwọn òkúta Okitsu ni ẹ ó bá, okùn sì yí wọn po. Okùn koríko ìrẹsì ni, shimenawa, iṣẹ́ tí màrìwò ń ṣe lẹ́nu igbó orò ni òun náà ń ṣe. Ẹ dúró sẹ́yìn okùn, ẹ tẹríba, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tó gòkè kì í ròyìn ohun tó rí níbẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí àwa náà fi fi àpèjúwe mọ níbí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ àti bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Èló ni a ń sọ sínú àpótí? Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe lójú wọn. (Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ pè wá sí Tokyo)

Ẹ kú ìmúra, mà. Láti ẹnubodè ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹríba díẹ̀ kí ẹ tó kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àárín ọ̀nà jẹ́ ti kámì.

Níbi omi, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìbumi ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ bu omi ẹ̀ẹ̀kan péré. Omi kan yẹn ni ẹ ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ da díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ da díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ tún gbà á padà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi yọ ẹnu. Ẹ fọ ọwọ́ òsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbumi nàró kí ìyókù omi ṣàn gba ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kó lè mọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀: gbígbé ìbumi kanu, àti dída omi tí a ti lò padà sínú agbada. Ẹ̀gbẹ́ agbada ni omi ìlò ń ṣàn sí. Láti ìgbà àrùn kòrónà, àwọn ojúbọ kan ti kó ìbumi kúrò, omi kàn ń ṣàn láti inú ọparun. Níbẹ̀, ẹ kàn fọ ọwọ́ yín lábẹ́ omi.

Níwájú àpótí, ẹ rọra sọ owó sílẹ̀, ẹ má jù ú. Kò sí iye kan pàtó. Ọ̀pọ̀ ń lo owó ẹyọ 5 yen torí pé "go-en", bí wọ́n ṣe ń pè é, tún túmọ̀ sí àjọṣe rere. Lẹ́yìn owó, ẹ tẹríba rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbàdúrà nínú, ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dé ojúbọ Izumo, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ ká fìlà tàbí akẹtẹ̀ kúrò lórí. Ti gèlè, a ò rí ìdí tí ẹ ó fi tú u.

Ẹyin tútù àti ọtí ni mo rí níwájú igi ńlá kan nínú ọgbà Omiwa. Ta ló ni ín? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ejò funfun ló ni ín. Igi súgì ni igi náà, igi gbọọrọ tó jọ páínì, wọ́n sì gbà pé ejò náà ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omononushi, kámì òkè náà, a máa gbé àwọ̀ ejò wọ̀.

Nihon Shoki sọ ọ́ báyìí. Ọmọ ọba kan, Yamatototohimomoso, di aya kámì yìí, àmọ́ òru nìkan ni ọkọ ń wá. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ojúmọ́ kí òun lè rí i. Ọkọ ní kò burú, òun yóò wà nínú àpótí òòyà rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó má fòyà. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣí àpótí, ejò kékeré rírẹwà kan ló ká sínú rẹ̀. Ó fi igbe bọnu. Ìtìjú bá ọkọ, ó gba òfurufú padà sí Òkè Miwa. Ibojì tí wọ́n ní wọ́n sin ọmọ ọba náà sí, Hashihaka, ṣì wà ní Sakurai, ó sì gùn tó nǹkan bíi 280 mítà.

Kojiki ní tirẹ̀ sọ ti omidan kan tó lóyún fún ọkùnrin arẹwà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ní kó fi abẹ́rẹ́ gún òwú mọ́ etí aṣọ onítọ̀hún. Lówùúrọ̀, òwú ti gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ jáde, ìká òwú mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Wọ́n tọ òwú náà títí dé ojúbọ òkè. Ìká mẹ́ta, mi-wa, ni wọ́n ní orúkọ òkè náà ti wá.

Orí pẹpẹ iwájú igi ni kí ẹ gbé ẹyin yín sí. Ẹ má jù ú sí ìdí igi, ẹ má sì fọ́ ọ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ewé aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ Jàpáànù kan níbí. Wọ́n ní láti Òkè Miwa ló ti wá. (Òǹkàwé, Lọ́ńdọ̀nù)

Sugidama ni. Àṣà rẹ̀ ti Omiwa wá lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ẹ rí lè jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe é. Omononushi ni àwọn tó ń pọn sàkè, ọtí ìrẹsì, ń bọ. Ìtàn àtijọ́ sọ pé nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà lásìkò Ọba Sujin, kámì yìí fi ara hàn ọba lójú àlá pé kó fi ọkùnrin kan, Otataneko, ṣe àwòrò òun. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn rọlẹ̀. Takahashi no Ikuhi ló pọn ọtí fún kámì náà, òun sì ni àwọn olórí apọntí ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wọn. Ojúbọ tirẹ̀ wà nínú ọgbà Omiwa.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, àwọn apọntí máa ń péjọ sí Omiwa láti bẹ̀bẹ̀ kí ọtí ọdún náà má bà jẹ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù ńlá tó wà nínú haiden, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀. Àwọn apọntí náà a máa gba kékeré lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hun egungun rẹ̀ róbótó. Wọ́n á wá máa ki ẹ̀ka súgì tútù bọ inú ihò rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí èyí tó wà lókè lè máa tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá kún, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí ńlá gé e títí yóò fi rí róbótó. Bí ẹ̀ka kò bá há mọ́ra dáadáa, ewé á sún kì bó ṣe ń gbẹ, bọ́ọ̀lù á sì yọ ihò. Nígbà tí wọ́n bá gbé e kọ́, àwọ̀ ewé ni. Ó túmọ̀ sí pé ọtí tuntun ti dé. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ló ń di aláwọ̀ ilẹ̀, ọtí náà sì ń gbó. Èyí tí ẹ rí yẹn ti pẹ́ níta.

Ṣé obìnrin lè gun àwọn òkè tí wọ́n ń bọ? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ní Miwa, bẹ́ẹ̀ ni, òfin kan náà ló de takọtabo. Ní 1872 ni ìjọba Jàpáànù fòfin pa àṣà dídínà obìnrin rẹ́ ní àwọn ilẹ̀ ojúbọ àti tẹ́ńpìlì. Kí ó tó di ìgbà náà, wọn kì í gba obìnrin láyè láti dé ṣónṣó Fuji. Síbẹ̀, òkè Sanjogatake ní Omine, tó ga tó 1,719 mítà, tí òun náà wà ní Nara, kò gba obìnrin láyè títí di òní. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló di àṣà náà mú. Ẹ má bá ọkọ̀ dé ibẹ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ni Fuji. Láti ibùdó kẹjọ lójú ọ̀nà ìgòkè rẹ̀ dé òkè, ojúbọ Fujisan Hongu Sengen Taisha ló ni ilẹ̀ náà, yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà àti ibùdó ojú ọjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a fún wọn ní 1974, ṣùgbọ́n 2004 ni ìjọba tó fi ìwé rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Ṣé kámì àti òrìṣà jẹ́ ọ̀kan náà? Àwa náà ń bọ Olúmọ, a sì ń bọ Òkè'Bàdàn. (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹni tó dàgbà nídìí Òkè'Bàdàn kò ní nílò àlàyé púpọ̀ kí Òkè Miwa tó yé e; ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì. Kò sí ẹbọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìsìn ojoojúmọ́ Omiwa: ìrẹsì, sàkè, omi, iyọ̀, ẹja àti ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Kámì kì í gun èèyàn níbẹ̀ bí òrìṣà ṣe ń gun ẹlẹ́gùn; àwòrò ibẹ̀ a máa ka ọ̀rọ̀ ìwúre látinú ìwé ni. Ohun tí wọ́n sì ń ṣọ́ra fún jù ni àìmọ́ tí ikú ń mú wá, èyí tó gbé wa dé ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Bàbá mi ṣaláìsí lóṣù tó kọjá. Mo ti sanwó ìrìn àjò sí Nara tẹ́lẹ̀. Ṣé mo lè wọ Omiwa? (Òǹkàwé, Nagoya)

Ẹ kú àfẹ́rákù, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Àṣà Ṣíńtò ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ kú kì í kọjá lábẹ́ ẹnubodè ojúbọ fún àádọ́ta ọjọ́. Ọjọ́ tí bàbá kú gan-an ni ọjọ́ kìíní. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí ọjọ́ ìrìn àjò yín bá bọ́ sí lẹ́yìn àádọ́ta ọjọ́, kò sí ìṣòro. Bí kò bá tíì pé, tí ẹ kò sì lè sún un síwájú, ẹ fóònù sí ọ́fíìsì ojúbọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ́kọ́ ṣe ìwẹ̀nùmọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ ṣì lè rìn ní Yamanobe kí ẹ wo òkè náà láti ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí Sai láti gba tasuki.